Ìràwọ̀ Funfun Inú Àsíá: Iṣẹ́ tí Kíkun Àwòrán ń Ṣe Lára Ọmọ Kékeré

Ní èdè Yorùbá, orúkọ tí a fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà dùn, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé àǹfààní àgbà ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí: kí ọmọ jáde lọ, kí ariwo dínkù, kí ilé lè sinmi. Kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí ọmọ náà ń lọ ṣe níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi máa ń wo bébà aláwọ̀ tí ọmọ gbé bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ bí ohun tí wọ́n fi dá ọmọ dúró títí agogo fi lù.

Ní ọjà Gbossimé, ní ìlú Lomé, ìyá kan tí ó ń ta gàrí àti ẹ̀wà fa irú bébà bẹ́ẹ̀ yọ lábẹ́ àtẹ rẹ̀, ó nà án sí mi. Ọjọ́ òmìnira Tógò, 27 oṣù kẹrin, ti ń sún mọ́lé nígbà náà, olùkọ́ sì ti ní kí àwọn ọmọ ọdún 4 kun àsíá orílẹ̀-èdè. Ọmọkùnrin rẹ̀ kun àwọn ilà náà bí ó ṣe yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé kọjá ààlà ní ibi méjì. Ṣùgbọ́n igun òkè, tí ó yẹ kí ó jẹ́ pupa, dúdú ni ọmọ náà kùn ún. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fa ilà gbọọrọ lé e lórí láti igun dé igun.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó,” ni ìyá náà wí. “Owó tí mo san, kí wọ́n lè kọ́ ọmọ mi ní A, B, D ni. Àwòrán ni wọ́n ń kùn lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n ní kí ó kùn náà, kò gbà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ fọwọ́ kan kíréyọ̀n mọ́. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ ọdún 3 ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Mo fẹ́ mú un lọ síbẹ̀.”

Mo pe ọmọ náà, mo ní kí ó wá sọ fún mi nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó na ìka sí igun dúdú náà, ó ní: “Alẹ́ ni. Ìràwọ̀ kì í yọ lọ́sàn-án.”

Ìyá rẹ̀ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Láàárín igun dúdú yẹn, ọmọ náà ti fi ìràwọ̀ olórígun márùn-ún sílẹ̀ ní funfun. Kò sí àwọ̀ kankan tí ó wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ bébà yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìyá náà rò pé ọmọ òun ń fi àkókò ìwé kíkọ ṣeré. Olùkọ́ rí àṣìṣe kan, kò sì rí nǹkan mìíràn. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ tí ó le jù lọ nínú ohun tí wọ́n gbé fún un, kò sì sí ẹni tí ó kí i. A fẹ́ fi hàn pé kíkun àwòrán wà lára ọ̀nà tí ọmọ ń gbà dé ibi ìwé kíkọ, àti pé ọ̀nà náà lè dí bí àgbà kò bá mọ bí a ṣe ń bá ọmọ rìn lórí rẹ̀.

Egungun tí kò tíì gbó

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Gígùn ọwọ́ àti ìtóbi rẹ̀ ni òwe yìí ń sọ, ṣùgbọ́n a lè fi kún un pé ọwọ́ ọmọdé kò tíì tó ti ìwé kíkọ. Nínú ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà, egungun kéékèèké 8 ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá bí ọmọ, àwọn egungun wọ̀nyí kò tíì le. Wọ́n rọ̀ bí etí ṣe rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le, ọdún dé ọdún, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kì í sì í sábà hàn nínú fọ́tò tí wọ́n ń ya egungun ní ilé ìwòsàn títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 8 sí 12. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ọmọ ọdún 3 jókòó kí ó kọ lẹ́tà A kún ojú ìwé méjì, ẹrù ni ó ń gbé lé òpó tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń di pẹ́ńsù aláwọ̀ mú, èyí tí gbogbo Lomé ń pè ní kíréyọ̀n, ẹ ó fi ojú ara yín rí ìdàgbàsókè náà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan a fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì í mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Èjìká ni ó fi ń fa ilà. Láàárín ọdún 2 sí 3, àwọn ìka a kọjú sí ilẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ni yóò sì máa darí ọwọ́. Bí ó bá tó nǹkan bí ọdún 4, àtàǹpàkò àti ìka méjì tí ó tẹ̀ lé e a pàdé lára pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ ni yóò ṣì máa sún pọ̀. Láàárín ọdún 5 sí 6 ni àwọn ìka náà yóò tó máa dá lọ, tí wọn yóò máa dá bọ̀, tí ọrùn-ọwọ́ yóò dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ orí wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ọmọ kan a yá, òmíràn a pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kì í sábà yí padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ yà. Ní nǹkan bí ọdún 2, ó lè fa ilà gbọọrọ kan. Ní ọdún 3, ó lè yí òbírí, kí ó sì pa á dé. Ní nǹkan bí ọdún 4, ó lè fi ilà kan dábùú èkejì. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan onígun mẹ́rin, nǹkan onígun mẹ́ta yóò sì dé ní nǹkan bí ọdún 5, nítorí pé ilà tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan le fún ọwọ́ ọmọdé ju ilà tí ó dúró ṣánṣán lọ. Ẹ wá wo lẹ́tà A tí a kọ́kọ́ ń fi ọmọ sí lẹ́nu iṣẹ́: ilà méjì tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ ni ó dì í mú. Ó rọrùn láti pè. Láti kọ ọ́, ó wà lára àwọn tí ó le. Ọmọ ọdún 3 tí kò lè kọ ọ́ kì í ṣe olódo. Ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé.

Kí ni kíkun àwòrán wá ń ṣe nínú èyí? Nígbà tí ọmọ bá ń fi àwọ̀ ewé kun ilà kan nínú àsíá, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ pẹ́ńsù tí kò fi ní ya bébà, àti bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi hàn. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń yí padà bí a bá dé ààlà. Ọwọ́ kejì ń kọ́ bí a ṣe ń di bébà mú kí ó má baà sá. Ojú ń ṣọ́ ọwọ́, ọwọ́ ń gbọ́ ti ojú. Gbogbo èyí ni ìwé kíkọ yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì, rí èyí ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, ó ṣí ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Lára ohun tí ó fi fún wọn ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí a gé ní onírúurú ìrísí. Ọmọ yóò fi pẹ́ńsù tọ etí irin náà, yóò gbé irin kúrò, yóò sì fi ilà aláwọ̀ kún inú ìrísí tí ó kù sórí bébà. Kò tíì kọ lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilà. Nígbà tí àkókò lẹ́tà bá tó, ọwọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí pẹ́ńsù mọ́.

Àwọn olùwádìí òde òní náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, David Grissmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, wọ́n sì rí i pé bí ìka ọmọ ṣe já fáfá sí nígbà tí ó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn ohun tí ń tọ́ka sí bí yóò ṣe ṣe dáadáa sí nínú ìṣirò àti ìwé kíkà lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á ti ibẹ̀ fò dé ibi tí ìwádìí náà kò dé: kò sọ pé kíréyọ̀n a máa sọ ọmọ di onímọ̀ ìṣirò. Ohun tí a lè sọ ni pé àkókò tí ọmọ bá lò láti kọ́ ìka rẹ̀ ní iṣẹ́ kì í ṣe àkókò tí a gbà lọ́wọ́ ìwé.

Ohun tí a fi sílẹ̀ láìkùn

Ẹ jẹ́ kí á padà sí àsíá náà. Paul Ahyi, ọ̀gá nínú àwọn oníṣẹ́-ọnà Tógò, ẹni tí a bí ní Abomey ní ọdún 1930 tí ó sì kú ní Lomé ní ọdún 2010, ni ó ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní ọdún 1960 pẹ̀lú òmìnira. Ilà 5 ni ó ní, mẹ́ta jẹ́ àwọ̀ ewé, méjì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ní igun òkè ni ibi pupa onígun mẹ́rin wà, ìràwọ̀ funfun sì wà láàárín rẹ̀.

Fún àgbà, àsíá ni. Fún ọmọ ọdún 4, ìdánwò ńlá ni. Ó ní láti ka ilà. Ó ní láti rántí pé àwọ̀ ewé ni ó kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ìyeyè, lẹ́yìn náà ewé padà. Ìtẹ̀léra báyìí wà lára ìpìlẹ̀ ìṣirò. Ó ní láti fi kíréyọ̀n kan sílẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó bá dé orí ìràwọ̀, ó ní láti dá ọwọ́ dúró. Gbogbo ohun tí ó ti ń ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀ bébà ni pé kí ó kùn. Ní ibi kan ṣoṣo yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó má kùn. Ìràwọ̀ náà ní orígun márùn-ún, ẹnu rẹ̀ sì tinrín. Ọmọ tí ó bá yí gbogbo rẹ̀ ká tí kò wọ inú rẹ̀ ti fi hàn pé òun lè kó ara òun ní ìjánu. Ìkóra-ẹni-ní-ìjánu yìí ni yóò jẹ́ kí ó lè jókòó gbọ́ ìtàn dé òpin, kí ó dúró de ipò rẹ̀, kí ó má já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ẹ rántí àwọn ìyá tí ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń ti bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Nígbà tí wọ́n bá sì há ẹ̀kọ náà kúrò, ohun tí a kò pa láró ni ó ń di ọnà. Ọmọbìnrin tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ láti kékeré pé ibi tí a fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì tó ibi tí a kùn.

Orúkọ àwọ̀ nínú ilé

Ọmọ Yorùbá tí ń dàgbà ní Gbossimé kì í gbọ́ èdè kan ṣoṣo. Ní òde àti láàárín ọjà, Ewé tàbí Mina ni yóò gbọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Faransé ni. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 fún Ewé àti Kabiyè ní ipò èdè orílẹ̀-èdè nínú ilé-ẹ̀kọ́ Tógò. Yorùbá kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ànàgó ti pẹ́ nílùú yìí débi pé àdúgbò kan láàárín Lomé ń jẹ́ Anagokomé. Nítorí náà, bí ọmọ kò bá gbọ́ orúkọ àwọ̀ ní Yorùbá lẹ́nu òbí rẹ̀, ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

Ìdí kíkun àwòrán ni ibi tí ó rọrùn jù lọ láti sọ ọ́. Mẹ́ta ni ìyá àwọ̀ nínú èdè wa: funfun, pupa àti dúdú. Àwọn baba wa ní ohun tí a fi ń kun ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, èlú fún dúdú. Ní ọdún 1969, Brent Berlin àti Paul Kay, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ èdè ayé. Wọ́n ní èdè tí ó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta yìí náà ni yóò jẹ́. Èdè wa kò dúró níbẹ̀: ó wo ohun tí ó yí i ká, ó yá orúkọ lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ aró, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú. Orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan tí ọmọ lè rí tàbí kí ó fọwọ́ kàn. Òbí tí ó bá sọ pé “fún mi ní àwọ̀ ìyeyè” ti fi èso kan kún ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀, bí kò tilẹ̀ sí igi ìyeyè nítòsí.

Kì í ṣe orúkọ àwọ̀ nìkan. Òkè, ìsàlẹ̀, inú, ìta, etí, àárín, ó nípọn, ó fúyẹ́, ó kún, ó kù díẹ̀: gbogbo wọn ń jáde lẹ́nu bí ẹni méjì bá jókòó ti bébà kan. Ọmọ tí ó bá mọ “inú” àti “ìta” ní Yorùbá kò ní pẹ́ mọ̀ wọ́n ní Faransé, nítorí òye náà ti wà nílẹ̀. Orúkọ tuntun ni ó kù.

Ibi tí ọ̀nà ti ń dí

Òótọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó fẹ́ràn ìwé àwòrán tí a ti yà sílẹ̀ fún ọmọ láti kùn. Viktor Lowenfeld, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà tí ó ti Austria lọ sí Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1947 tí ó ń jẹ́ Creative and Mental Growth. Ó bá irú ìwé àwòrán bẹ́ẹ̀ wí. Lójú rẹ̀, ọmọ tí a ń fi àwòrán àgbà bọ́ lójoojúmọ́ lè gbàgbé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ya ẹyẹ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kò mọ àwòrán yà.

Ìwádìí mìíràn tún ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn láti ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 2012, Karin James àti Laura Engelhardt tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ nǹkan bí ọdún 5 tí kò tíì mọ ìwé kà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà fọwọ́ kọ lẹ́tà fúnra wọn, kí wọ́n tọ ilà lẹ́tà tí a ti kọ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn nígbà tí wọ́n ń wo lẹ́tà. Lẹ́tà tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó ta àwọn ibi tí a fi ń kàwé nínú ọpọlọ jí. Èyí tí ó tẹ̀ lórí ẹ̀rọ tàbí tí ó kàn tọ ilà rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Ìyẹn ni pé ọwọ́ tí ń tọ ipasẹ̀ ẹlòmíràn nìkan ṣì ní iṣẹ́ níwájú.

Rhoda Kellogg, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní San Francisco, kó nǹkan bí mílíọ̀nù kan àwòrán ọmọdé jọ láti onírúurú ilẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní ọdún 1969. Ó rí i pé níbi gbogbo, ọmọ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilà játijàti kan náà, kí ó tó dé orí òbírí, kí ó tó fi ìtànṣán sí òbírí náà kí ó di oòrùn, kí ó tó fi ojú àti ẹsẹ̀ sí i kí ó di ènìyàn. Ohun tí a ń pè ní ìbàjẹ́ bébà, àtẹ̀gùn ni.

Ṣé kí á wá kó ìwé àwòrán sọ nù? Rárá o. Kíkun àwòrán tí a ti yà ń kọ́ ọwọ́ ní ìkóra-ẹni-ní-ìjánu; yíyàwòrán lórí bébà òfìfo ń kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń gbé ohun inú jáde. Ọmọ nílò méjèèjì, bí ó ṣe nílò àmàlà àti ọbẹ̀. Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí àgbà fún un ní ọ̀kan ṣoṣo, kí ó sì wá fi yíǹkì pupa dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí olùkọ́ náà. Àsíá ní àwọ̀ tirẹ̀, ọmọ sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ́ ọ pé pupa ni igun náà. Láti ọdún 2008 tí ìjọba Tógò ti fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọmọ pọ̀ nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ti àwọn aládàáni, owó tí òbí ń san ń mú kí wọ́n máa béèrè lẹ́tà lójú ìwé kíákíá. Olùkọ́ tí ó ní páálí kíréyọ̀n kan fún ọmọ rẹpẹtẹ kò rọrùn fún láti jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò ná ju ìṣẹ́jú kan lọ: “Sọ fún mi nípa ohun tí o ṣe.” Ká ní ẹnì kan bi í bẹ́ẹ̀ ni, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ alẹ́ àti ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tó lè sọ pé: “Òótọ́ ni, ìràwọ̀ a máa yọ lálẹ́. Ti orí àsíá wa, ojú pupa ni wọ́n fi í sí. Ṣé kí á ya ọ̀kan báyìí, ọ̀kan báyìí?” Ọmọ yóò mọ àsíá, kò sì ní kórìíra kíréyọ̀n.

Ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó

Òbí kan lè ní òun kò lówó ìwé àwòrán. Kò pọn dandan. Ọ̀pọ̀ àgbàlá Lomé ni ó jẹ́ iyanrìn. Igi kékeré kan tó láti fi ya ilẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi pa á rẹ́. Páálí tí wọ́n fi kó ọjà wá, tí wọ́n ń jù nù lẹ́yìn ìtajà, inú rẹ̀ mọ́ tó láti yàwòrán. Èédú ń kọ dúdú, ẹfun ń kọ funfun. Omi bissap tí ó ki ń kun pupa; àtalẹ̀ pupa tí a gún ń kun àwọ̀ ìyeyè; ewé ẹ̀fọ́ tí a fún ń kun àwọ̀ ewé. Orín tí a ti rún lẹ́nu jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí ó dára, ìyẹ́ adìẹ náà sì ń bẹ. Ẹ kàn wọ aṣọ àtijọ́ fún ọmọ, nítorí bissap kì í fọ̀ bọ̀rọ̀.

Bí kíréyọ̀n bá kán, ẹ má ṣe jù ú nù. Èyí tí ó kúrú ń fi agbára mú ọmọ láti fi orí ìka dì í mú, nítorí àyè kò sí fún gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lè lẹ bébà mọ́ ògiri nígbà mìíràn. Ọmọ tí ó dúró yàwòrán ń fún èjìká àti ọrùn-ọwọ́ ní agbára. Bí ọmọ bá ń lo ọwọ́ òsì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fipá mú un jókòó pẹ́. Ní ọdún 3, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, yóò sì padà wá fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rù níbẹ̀.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà. Ẹ má ṣe fi ìdérí bííkì tàbí èérún kíréyọ̀n sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣì ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu. Ó lè há a lọ́fun. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní ọ̀dà ilé láti fi ṣeré, nítorí òjé wà nínú àwọn mìíràn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ti fóònù tí ọmọ ń fi ìka tẹ̀ kí àwọ̀ lè kún ojú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá ọmọ lára yá, ṣùgbọ́n ìka náà kò tẹ nǹkan kan, kò fa nǹkan kan, kò sì dúró ní ààlà kankan. Ẹ̀rọ ni ó ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí lọ́jà: kí àgbà jókòó. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, nítorí ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ọjọ́, bí ó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n àkókò tí ẹ̀wà fi ń hó, tí ìyá tàbí bàbá yóò fi wo bébà ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ẹnì kan kọ sí i.

Ìyá tí a bá ní Gbossimé ṣì ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nígbà tí mo dìde. Kò ṣe ìlérí kankan fún mi, n kò sì béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá bébà náà padà sábẹ́ àtẹ. Ó nà án dáadáa, ó yí i padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣófo, ó fi ìwọ̀n gàrí tẹ igun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ó sì mú èédú kan nínú àdògán ẹni tí ń yan àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Gbà,” ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. “Ya alẹ́ yẹn fún mi kí n rí i.”

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tó gba èédú. Ó fi orúnkún kúnlẹ̀ ti àtẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A lè pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi bí a ti ń pè é. Ọmọ tí a rán lọ síbẹ̀ kò sinmi.